Ta Ló Kàn Láti Jẹ̀bi?

Wákàtí méje gbáko ni Alága máa fi jókòó de bàálù kejì tó máa gbé e délé, ó sì fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ wá àga tó yẹ ẹni bíi tirẹ̀. Kò rí i. Gbogbo àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà kọkànlélọ́gbọ̀n ní pápákọ̀ òfuurufú náà ni wọ́n fi irin pín láàárín, kí èèyàn má baà nà gbalaja lórí wọn. Ó wá mú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé àpò rẹ̀ lé itan, ó sì ń wo àwọn tó ń kọjá bíi pé òun ló ránṣẹ́ pè wọ́n.

Kí n tètè sọ ọ́ fún yín, Alága kì í ṣe alága ẹgbẹ́ kankan. Wọn ò dìbò yàn án níbì kankan rí. Ìyàwó rẹ̀ ló fún un lórúkọ náà lọ́jọ́ Àìkú kan tó bá a nínú yàrá, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ti lọ̀ gbọnrangandan sókè, tó wọ ṣòkòtò pénpé nísàlẹ̀ níbi tí fóònù ò ti lè rí i, tó ń sọ fún àwọn èèyàn ilé pé, "Ẹ má sọ̀rọ̀ pọ̀ o. Kí ẹnì kan parí tirẹ̀ kí ẹlòmíràn tó bẹ̀rẹ̀." Láti ọjọ́ náà ni obìnrin náà ti ń sọ pé, "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé abọ́ tí ẹ fi jẹun kúrò lórí tábìlì." Inú ò bí ọkùnrin náà. Orúkọ ọ̀hún dùn mọ́ ọn.

Iṣẹ́ aṣọ lílọ̀ ló ń ṣe. Òtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́rìnlá kan wà nílùú òkèèrè tó ń gbé, níbi tí àwọn àlejò ti ń wo gbogbo ìlú láti ojú fèrèsé. Abẹ́ ilẹ̀ ni Alága wà ní tirẹ̀, nínú yàrá ìfọṣọ tí kò ní fèrèsé rárá, ó sì ti pé ọdún méjìlélógún tó ti wà níbẹ̀. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì bí ẹgbẹ̀ta sọ̀ kalẹ̀ wá, tí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ á di igun rẹ̀ mú, tí wọ́n á tì í sẹ́nu ẹ̀rọ ìlọṣọ, tí yóò jáde lódìkejì pẹ̀lú ooru, tí wọ́n á ṣẹ́ ẹ po. Ìṣẹ́po aṣọ ti wọ̀ ọ́ lára débi pé kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù àkọ́kọ́, ó ti ká bùláńkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ àti ti ẹni tó jókòó tì í, igun bá igun mu rẹ́gí, òṣìṣẹ́ inú bàálù sì kó o padà sínú àpótí, ó rò pé ẹnikẹ́ni ò tíì lò ó.

Ṣùgbọ́n nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó ń bi Alága léèrè ohunkóhun. Fáànù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ògiri ló sì kọjú sí. Ọdún kẹrin nìyí tí Alága ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yí i sọ́dọ̀ àwọn tó ń lọṣọ. Ọ̀gá rẹ̀, ọmọdébìnrin ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kan tí kì í yé jẹ ṣingọ́ọ̀mù, á ní, "A máa wò ó." Wọn ò wò ó. Fáànù ń fẹ́ ògiri, òógùn ń bo àwọn èèyàn.

Ẹ wá wò ó lọ́jọ́ Àìkú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́! Alága ni àkọ́bí ilé wọn. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, òun làwọn èèyàn ilé ń pè sórí fóònù kó wá parí ọ̀rọ̀. Àwọn mẹ́ta péré ló kù nílé: ìyá wọn, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ránṣọ, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Aránṣọ, àti àbíkẹ́yìn wọn, Wẹ́dà, tó ń fi iná jó irin. Alága dá gúrúùpù kan sílẹ̀ fún wọn lórí fóònù, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Ìgbìmọ̀ Ẹbí. Níbẹ̀ ni Aránṣọ á ti sọ pé báyìí lòun fẹ́, Wẹ́dà á ní irọ́ ni, wọ́n á fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́ títí Màmá á fi húkọ́, àwọn méjèèjì á wá dákẹ́, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yín ló kù sí o."

Alága kì í dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Á ní kí wọ́n fún òun lọ́sẹ̀ kan. Á máa rò ó bó ṣe ń ṣẹ́ aṣọ po, á máa dá rojọ́, á máa dá ara rẹ̀ lóhùn. Bí ọjọ́ Àìkú bá tún pé, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, á dájọ́, á sì kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú nọ́ńbà. Ó ti dé orí ìdájọ́ kẹrìndínláàádọ́rùn-ún.

Ohun tó sì ń mú orí rẹ̀ wú jù ni bí àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe ń gbọ́ràn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ òrùlé ilé, Aránṣọ fẹ́ aláwọ̀ ojú ọ̀run, Wẹ́dà fẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀. Alága dájọ́ pé aláwọ̀ ilẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́: wọ́n ti kan gbogbo òrùlé náà tán, kódà ẹyẹ ti yàgbẹ́ sí i lójú ibi mẹ́ta. Nígbà tí ọmọ Aránṣọ fẹ́ wọ ilé-ìwé gíga, ìyá rẹ̀ ní kó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, Wẹ́dà ní kó lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Alága ní nọ́ọ̀sì ni. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí ọmọ náà fi ya fọ́tò nínú aṣọ nọ́ọ̀sì, tí káàdì tó kọ́ sáyà sì sọ pé ó wà ní ọdún kejì. Alága fi fọ́tò náà han gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá ìfọṣọ. "Ilé tiwa," ni ó wí, "tí mo bá sọ ọ́ láàárọ̀, ó ti di ṣíṣe kó tó dalẹ́." Wọ́n kí i kú oríire, wọ́n ń ṣẹ́ aṣọ wọn po lọ.

Ìdájọ́ kẹtàdínláàádọ́rùn-ún ló wá di ẹrù tó gbé e wọ bàálù. Màmá ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, orúnkún méjèèjì ti ń dùn wọ́n, wọn ò lè dá gbé ilé àtijọ́ mọ́. Aránṣọ ní ọ̀dọ̀ òun ni wọ́n máa wá, Wẹ́dà ní ọ̀dọ̀ òun ni. Ẹ̀rù ba Alága lọ́tẹ̀ yìí. Ó rò ó pé bí òun bá gbé ẹjọ́ yìí lé ibi tí kò dáa, àwọn méjèèjì lè máà bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, a jẹ́ pé ọwọ́ òun ni ilé bàbá wọn tú sí. Ó ní, "Èyí kọjá orí fóònù. Mò ń bọ̀." Ojú ìwé mẹ́jọ ló ti kọ kún nínú bàálù àkọ́kọ́, kò sì tíì mọ ẹni tó máa dá láre.

Ó ń ka ojú ìwé kẹta lọ́wọ́ nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ló ń du ibi tí wọ́n ti ń ṣáájì fóònù. Obìnrin náà ní òun ló kọ́kọ́ débẹ̀, ọkùnrin náà ní ó ti lọ ra omi, ẹni tó bá sì dìde ti fi í sílẹ̀. Ara Alága bù máṣọ. Ó dìde, ó tún kọ́là ṣe, ó ní, "Ẹ sinmi. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ tẹnu ẹ̀yin méjèèjì."

Ọkùnrin náà wò ó látòkè délẹ̀. "Ṣé òṣìṣẹ́ ibí ni yín?"

"Rárá, àmọ́..."

"Ẹ lọ jókòó, ẹ jọ̀ọ́."

Ó lọ jókòó. Kó tó gbé ìwé rẹ̀, àwọn méjèèjì ti ń lo ibi ìṣáájì náà papọ̀, wọ́n ti rí i pé ihò méjì ló ní.

Ojú tì í díẹ̀. Ló bá lọ bá obìnrin tó wà nídìí tábìlì ìwádìí, obìnrin náà sì fún un ní bébà kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà wáìfáì sí. Ìṣẹ́jú ọgbọ̀n lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó padà sídìí ògiri, ó tẹ nọ́ńbà náà, fóònù rẹ̀ sì dún. Aránṣọ ti sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí gúrúùpù Ìgbìmọ̀ Ẹbí. Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé wọ́n ti ń rojọ́ kí òun tó dé. Ó gbé fóònù létí.

"Wẹ́dà, o ò gbé ìpè mi. Gbọ́ o, àárọ̀ ọ̀la ni Ẹ̀gbọ́n máa balẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì Màmá tí o jó yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì ń mì. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Màmá ti kó wá sọ́dọ̀ mi, tí wọ́n bá ti yíra padà báyìí, á máa dún kẹ̀ẹ̀. Wá tún un ṣe. Màá kó díẹ̀ nínú aṣọ wọn padà sílé àtijọ́ láàárọ̀, kó lè dà bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n ṣì wà. Ní ti ìpàdé, ìwọ ló kàn láti jẹ̀bi o! Èmi ni mo jẹ̀bi lórí òrùlé, èmi náà ni mo jẹ̀bi lórí kànga, má sọ pé o ti gbàgbé. Sọ pé ọ̀dọ̀ rẹ ni Màmá máa wà, kí o tẹnu mọ́ ọn dáadáa, kí o tiẹ̀ bínú díẹ̀, àmọ́ kí àlàyé rẹ má lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kí wọ́n lè dá mi láre. Má yára gbà bíi ti ọjọ́ ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ọmọ mi, o fẹ́rẹ̀ẹ́ tú àṣírí wa. Ìyàwó wa pè mí láti ọ̀hún pé ká rí i pé Ẹ̀gbọ́n jẹun kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, torí tí ebi bá ń pa wọ́n, ìdájọ́ wọn máa ń gùn."

Ohùn Màmá wá jáde láti ẹ̀yìn, ó rọra ń dún: "Sọ fún un kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi rí nǹkan parí."

Ó parí síbẹ̀. Alága ṣì di fóònù mọ́ etí. Nígbà tó máa wò ó padà, ọ̀rọ̀ náà ti pòórá, wọ́n ti pa á rẹ́. Wẹ́dà kọ̀wé sí abẹ́ rẹ̀ pé, "Àǹtí, kí lẹ pa rẹ́?" Aránṣọ dáhùn pé, "Àdúrà ni. Mo máa tún un ṣe." Wẹ́dà ní, "Àmín."

Inú bí Alága, orí rẹ̀ gbóná. Ó ṣí fọ́tò òrùlé náà wò. Ìgbẹ́ ẹyẹ lójú ibi mẹ́ta, ní òrùlé tí wọ́n ní àná ni wọ́n kàn án! Ó ṣí ti ọmọ nọ́ọ̀sì. Ọdún kejì! Báwo ni ojú òun ṣe fọ́ tó báyìí? Ó ṣí ìwé ìdájọ́, ó ń kà á láti orí èkíní: ihò ara ọgbà, ilẹ̀kùn ìta, kànga, òrùlé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọn ò tíì ṣe tán kó tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá mọ̀. Obìnrin tí wọ́n jọ ń sùn, tó ń wò ó lọ́jọ́ Àìkú pẹ̀lú ṣòkòtò pénpé, mọ̀!

Ó yọ bírò. Ó máa fojú wọn rí nǹkan. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ìwé kẹsàn-án pé: Ọ̀dọ̀ Wẹ́dà ni Màmá máa gbé, láti ọ̀la lọ, kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ó fi ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀. Ká wá wo bí wọ́n ṣe máa jẹ́jọ́ èyí tí kò tíì di ṣíṣe! Ó rí wọn lójú inú rẹ̀: Aránṣọ tó la ẹnu sílẹ̀, Wẹ́dà tó ń fọwọ́ họrí, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n máa tún gbé jáde. Ó rí Màmá náà, tí wọ́n di ara ilẹ̀kùn mú, tí wọ́n ń fi orúnkún méjì tó ń dùn wọ́n kó lọ sílé kẹta láàárín oṣù kan, nítorí pé àkọ́bí wọn ń bínú.

Bírò náà dúró. Ó ka ojú ìwé mẹ́jọ àkọ́kọ́ padà. Ọ̀rọ̀ ńláńlá kún inú rẹ̀, ojúṣe ọmọ, ètò ilé, ìrántí bàbá wọn. Kò síbi kankan tó ti kọ ọ́ pé kí wọ́n bi Màmá pé níbo ni wọ́n fẹ́ gbé. Ojú rẹ̀ wálẹ̀.

Ìṣẹ́jú méjìdínlógún ló kù lórí wáìfáì nígbà tó pe Aránṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ ti débi tí ẹ ti ń pààrọ̀ bàálù? Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Kí ló dé tí gbogbo yín ń da oúnjẹ mi láàmú? Mo gbọ́ àdúrà tí o fi ránṣẹ́."

Ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún lẹ́yìn Aránṣọ. Ó pa á lójijì.

"Gbogbo ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n?"

"Títí dé orí Màmá."

"Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà báyìí. Ẹ má bínú."

"Dìde. Láti ìgbà wo?"

"Láti orí ajá."

"Ajá wo?"

"Ajá aládùúgbò tó ń gba ihò ara ọgbà wọlé wa. Ọdún tí ẹ kọ́kọ́ lọ ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa ń pè nígbà yẹn, ẹ ò ní sọ nǹkan kan. Tí a bá ní báwo ni, ẹ máa ní dáadáa ni, a á wá máa gbọ́ tí ẹ ń mí. Màmá á gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n á bú sẹ́kún. Lọ́jọ́ kan mo wá ń ráhùn ajá yẹn, ẹ bá ní ká wá páànù, ká fi báyìí dí i, ká gbé òkúta tì í. Ohùn yín yàtọ̀. Ẹ tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ a ti dí ihò náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo fẹ́ sọ ọ́, Màmá bò mí lẹ́nu. Wọ́n ní, 'Ẹ máa wá nǹkan bi í lóòrèkóòrè.'"

Alága pa ìwé ìdájọ́ dé lórí itan rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, nígbà mìíràn kò sí nǹkan kan. Èmi àti Wẹ́dà á jókòó, a á máa ronú ìjà tí a máa jà. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ àwọ̀ géètì? A ò ní géètì nígbà yẹn."

Omi ti lé sí Alága lójú, síbẹ̀ ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó rántí ọdún yẹn dáadáa: yàrá kan tí wọ́n jẹ́ mẹ́rin nínú rẹ̀, àti bó ṣe máa ń jáde lọ dúró sí kọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn kó lè pe ilé, tí ọ̀rọ̀ á sì há sí i lọ́fun. Kò mọ̀ pé wọ́n gbọ́ ọ. Ó ti gbà láti ọjọ́ yìí pé òun lòun ń gbé ilé ró láti òkèèrè.

Ó nu ojú. "Ta lo ní ó kàn láti jẹ̀bi?"

"Wẹ́dà ni, Ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ẹ jẹ́ ká gbàgbé ìyẹn."

"Mi ò gbàgbé ẹ̀. Ìwọ ti jẹ̀bi, Wẹ́dà ti jẹ̀bi. Lọ́dún méjìlélógún, mi ò tíì jẹ̀bi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi ló kàn."

"Háà, Ẹ̀gbọ́n, kò lè rí bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé tí kò lè rí bẹ́ẹ̀? Yàrá wo ni Màmá wà?"

"Ti iwájú."

"Iwájú? Níbi tí ariwo ọkọ̀ wà! Gbé wọn lọ sí ti ẹ̀yìn."

Aránṣọ ò sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ló kù sí. Kò sì ní kó lo ọ̀sẹ̀ kan. "Rárá," ló ní.

"Kí lo wí?"

"Mo ní rárá, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò dé yàrá ẹ̀yìn yẹn rí. Ó jìnnà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àtẹ̀gùn méjì sì wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀. Màmá fẹ́ràn láti máa wo ojú ọ̀nà, wọ́n sì ti ń kí gbogbo èèyàn. Ariwo tí ẹ ń sọ yẹn ni wọ́n ń fẹ́."

Kò sẹ́ni tó sọ irú rẹ̀ fún un rí nílé yẹn látìgbà tó ti kúrò níbẹ̀. Ó dùn ún bíi kó ju fóònù náà mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ṣé eruku ọ̀nà náà ni wọ́n ń fẹ́? Ṣé o ò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń húkọ́ ni?"

"Húkọ́ kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ikọ́ yẹn, àmì tí Màmá fi ń dá wa dúró tí ìjà bá ti tó ni!"

"Irọ́ ni, mo mọ ikọ́ ìyá mi!"

"Ẹ mọ̀ ọ́n láti orí fóònù! Èmi tí mo ń fọ aṣọ wọn ńkọ́? Ẹ gbọ́, ẹ̀yin lẹ ní ẹ fẹ́ jẹ̀bi o, kí ló tún wá dé tí ẹ ń jà? Tí ẹ bá rò pé ẹ máa wá gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò nínú ilé mi..."

Fóònù pa kẹ́lẹ́. Ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ti pé.

Alága fò dìde. Ìwé ìdájọ́ bọ́ lórí itan rẹ̀, ó gbá a tì sábẹ́ àga, kò wẹ̀yìn. Ó ń sáré láàárín àwọn èèyàn títí ó fi dé ìdí tábìlì ìwádìí, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú ọgbọ̀n mìíràn."

Obìnrin náà ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún èèyàn, àfi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó le.

"Ó le," ni Alága wí. Gbogbo ojú rẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi ló ń bá mi jà, a ò sì tíì parí ẹ̀."